Kí A Tó Ra Tuntun: Ẹ̀kọ́ Lórí Àtúnṣe Kọ̀ǹpútà Tí Ó Ti Ń Darúgbó

 

Nígbàkígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ń ṣe àjọ̀dún, ìbéèrè kan máa ń wà lẹ́nu ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: kí ni a ó fi ta ilé ẹ̀kọ́ tí ó tọ́ wa lọ́rẹ? Láyé àtijọ́, àga àti tábìlì ni, tàbí kànga, tàbí páànù òrùlé. Lóde òní, kọ̀ǹpútà ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ sọ sí èèyàn lọ́kàn. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wa, kọ̀ǹpútà mẹ́wàá tàbí ogún ti wà nínú yàrá kan tẹ́lẹ̀, tí a da aṣọ bò wọ́n, tí eruku sì ti jókòó lé wọn. Bí a bá béèrè, wọn yóò ní, “Wọ́n ti gbó, tuntun ni a nílò.”

Àwọn àgbà sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí a jọ kọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ń lọ́ra ni ó ti kú. Kí a tó ra kọ̀ǹpútà tuntun, ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣí èyí tí a ní, kí a mọ ẹ̀yà ara rẹ̀ tí ó ń ṣàárẹ̀, kí a sì ṣírò ohun tí yóò ná wa láti wò ó sàn.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá

Ní ọdún 2013 ni JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò àbáwọlé sí yunifásítì. Nígbà tí ó fi di ọdún 2015, kò sí ẹni tí ó tún ń fi pẹ́ńsù kọ ọ́ mọ́. Ìbéèrè 180 ni ọmọ yóò dáhùn láàárín wákàtí méjì. Bí a bá pín in, ìṣẹ́jú àáyá 40 ni ó kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí máòsì, tí ó ṣì ń wá ibi tí lẹ́tà wà lórí kíbọ́ọ̀dù, lè kùnà láìjẹ́ pé kò mọ̀wé.

Ọmọ olówó ní ìlú ńlá lè ti máa fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà nílé láti kékeré. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọmọ ní Ṣàrẹ́ àti ní àwọn abúlé tí ó yí i ká, àwọn tí òbí wọn ń ṣe àgbẹ̀ tàbí òwò kéékèèké, yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ ni ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ti lè kọ́ ọ kí ọjọ́ ìdánwò tó dé. Bí kíláàsì ọmọ 40 bá ní kọ̀ǹpútà 4 péré tí ń ṣiṣẹ́, ọmọ 10 ni yóò rọ̀gbà yí ẹyọ kan ká: ẹnì kan yóò máa tẹ̀ ẹ́, àwọn mẹ́sàn-án yóò máa wòran. Bí a bá jí 6 dìde nínú àwọn tí a ti pa tì, yóò di 10, ọmọ 4 ni yóò sì kan ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àǹfààní àwọn ọmọ wọ̀nyí ni a ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ irin àti wáyà lásán.

Àpótí ọba Jèhóáṣì

Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 12, a kà nípa Jèhóáṣì, ọba Júdà, ẹni tí ó gorí oyè ní ọmọ ọdún méje. Ó pàṣẹ pé kí àwọn àlùfáà gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, kí wọ́n sì fi tún ibi tí ó bàjẹ́ nínú ilé Olúwa ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún kẹtàlélógún ìjọba rẹ̀, owó ti ń wọlé, àtúnṣe kò sì tíì ṣe. Nígbà náà ni Jèhóíádà àlùfáà gbé àpótí kan, ó lu ihò sí ìdérí rẹ̀, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ. Bí owó bá ti pọ̀ nínú rẹ̀, akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà yóò kà á, wọn yóò sì fi lé àwọn tí ń ṣe alábòójútó iṣẹ́ lọ́wọ́, kí wọ́n fi san owó àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, àwọn ọ̀mọ̀lé àti àwọn agbẹ́kùúta.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ó yẹ kí a fi ojú sí. Ẹsẹ kẹtàlá sọ fún wa pé wọn kò fi owó náà ṣe àwo fàdákà tàbí fèrè tàbí ohun èlò wúrà kankan. Ìwé Kíróníkà Kejì, orí 24, sì fi kún un pé nígbà tí àtúnṣe parí, owó tí ó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ṣe ohun èlò fún ilé Olúwa. Àtúnṣe ni ó ṣáájú, ohun èlò tuntun ni ó tẹ̀ lé e. Wọn kò kórìíra ohun tuntun, wọ́n kàn mọ èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú.

Kí ló dé tí àtúnṣe fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀? Ìwé Mímọ́ kò ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti ń darí ẹgbẹ́ àti ìjọ mọ̀ pé àtúnṣe kì í gbayì lójú èèyàn. Bí a bá ra kọ̀ǹpútà tuntun, a ó pe àwọn ọba àti ìjòyè, a ó gé rìbọ́ọ̀nù, a ó sì kọ orúkọ ẹgbẹ́ wa sára ògiri. Ta ni ó lè kọ orúkọ ẹgbẹ́ sára ẹ̀yà kékeré tí a fi sínú àpótí, tí a sì dé e padà? Nítorí náà ni a ṣe ń fi ohun tí ó níye lórí sílẹ̀ kí ó bàjẹ́, tí a sì ń lé èyí tí yóò gbé orúkọ wa jáde. Ọrẹ tí ojú kò rí kì í ṣe ọrẹ kékeré lójú Ọlọ́run.

Àyẹ̀wò ni ó ń ṣáájú ìtọ́jú

Kí a lè mọ ohun tí ń ṣe kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí a fi í wé aránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọwọ́ aránṣọ ni processor, òun ni ó ń ṣe iṣẹ́ gan-an. Tábìlì tí ó ń tẹ́ aṣọ sí ni RAM. Àpótí ńlá tí ó ń kó aṣọ oníbàárà pa mọ́ sí ni hard disk. Bí tábìlì bá kéré jù, aránṣọ yóò máa dìde ní gbogbo ìgbà lọ sídìí àpótí. Bí àpótí náà bá sì ṣòro láti ṣí, ọjọ́ yóò lọ tán láìrí iṣẹ́ púpọ̀ ṣe. Àwọn oníbàárà yóò ní ọwọ́ rẹ̀ lọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó ṣe ọwọ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe rí gan-an nìyẹn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò ná wa ní owó.

Èkínní ni eruku. Ẹni tí ó bá mọ ọyẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà mọ ohun tí mò ń sọ. Eruku ń wọ inú àpótí tí a ń pè ní CPU, yóò sì di fáànù tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí processor. Bí processor bá gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, òun fúnra rẹ̀ yóò dín eré rẹ̀ kù kí ó má baà jó, ó sì lè pa kọ̀ǹpútà náà pátápátá lójijì. Kí a yọ wáyà iná, kí a tú ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti atẹ́gùn lé eruku jáde. Ọ̀rá kan tún wà láàárín processor àti irin tí ó gbé fáànù rù, èyí tí ń gbé ooru kúrò. Ó máa ń gbẹ bí ọdún ti ń gorí ọdún, owó kékeré ni a sì fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Ìkìlọ̀ kan: nígbà ọyẹ́, iná kékeré tí ń ta ni lára bí a bá ń bọ́ aṣọ lè ba ẹ̀yà kọ̀ǹpútà jẹ́. Kí a kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin ara àpótí náà kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀.

Èkejì ni bátìrì kékeré tí ó rí róbótó bí owó ẹyọ. Orúkọ rẹ̀ ni CR2032, orúkọ náà sì sọ bí ó ti tóbi tó: 20 mìlímítà ni ìbú rẹ̀, 3.2 mìlímítà ni ó ki. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rántí aago àti ètò ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí kò bá sí iná. Bí ó bá kú, ọjọ́ orí kọ̀ǹpútà yóò padà sí ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, íntánẹ́ẹ̀tì yóò sì kọ̀ láti ṣí ọ̀pọ̀ ojú ewé nítorí pé ọjọ́ kò bára mu. Mélòó ni a ti pè ní òkú nítorí bátìrì kan ṣoṣo!

Ẹ̀kẹta ni hard disk, òun sì ni ó sábà máa ń jẹ́ olórí ẹlẹ́ṣẹ̀. Àwo kan ni ó ń yí nínú rẹ̀ ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí apá kékeré kan sì ń lọ tí ó ń bọ̀ lórí rẹ̀ láti wá ohun tí a béèrè. Ó lè gba nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó rí ẹyọ ohun kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun ni ó sì gbọ́dọ̀ wá kí kọ̀ǹpútà tó jí. Iná tí ń lọ tí ń bọ̀ láìròtẹ́lẹ̀ tún ń pa á lára. Èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ ni SSD. Kò ní àwo tí ń yí, kò ní apá tí ń rìn, ó sì ń rí ohun tí ó ń wá ní nǹkan bí ìgbà ọgọ́rùn-ún yára ju ti àtijọ́ lọ. Kọ̀ǹpútà tí a ń tàn kí a tó lọ pọnmi, tí a ó padà dé tí kò tíì ṣí, sábà máa ń ṣí kí ìṣẹ́jú kan tó pé lẹ́yìn ìyípadà yìí. Kọ̀ǹpútà tí ó ń lo ìsopọ̀ SATA, èyí tí ó jáde ní ọdún 2003, lè gbà á. SSD kékeré tó fún iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́, nítorí náà kò yẹ kí a ra ńlá. Kí a rántí láti ṣe àdàkọ gbogbo ìwé inú rẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan án.

Ẹ̀kẹrin ni RAM, tábìlì aránṣọ wa. Kọ̀ǹpútà tí ó ní 2 GB yóò máa jìjàkadì pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì òde òní. Bí ó bá di 4 GB, yóò mí. Bí ó bá di 8 GB, yóò ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ni RAM: DDR2, DDR3, DDR4. Ihò ẹ̀gbẹ́ wọn kò dọ́gba, ọ̀kan kò sì lè wọ ilé èkejì. Kí a yọ èyí tí ó wà nínú rẹ̀, kí a mú un lọ́wọ́ lọ sí ọjà, kí a má ṣe fi ẹnu lásán ṣàpèjúwe rẹ̀.

Mo fi kan kún un. Ojú kọ̀ǹpútà onígò ńlá ti àtijọ́ ń jẹ iná tó wáàtì 70 tàbí 80, nígbà tí pẹlẹbẹ ń jẹ nǹkan bí 20 sí 30. Ibi tí ó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ tàbí iná oòrùn ni ó ń gbé yàrá náà, ìyípadà yìí lè jẹ́ kí epo tí ń gbé kọ̀ǹpútà díẹ̀ gbé púpọ̀ sí i.

Ibi tí àtúnṣe pin sí

Olúwa wa fúnra rẹ̀ kọ́ wa pé ẹnì kan kì í fi ìrépé aṣọ tuntun lẹ ògbólógbòó ẹ̀wù, nítorí pé yíya rẹ̀ yóò burú sí i. A rí i kà nínú Mátíù orí 9. Ohun ẹ̀mí ni ó ń sọ, ṣùgbọ́n àkàwé rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ wa mu: àtúnṣe ní ààlà.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ béèrè RAM 4 GB ó kéré tán, ààyè ìpamọ́ 64 GB, àti ẹ̀yà ààbò kan tí ń jẹ́ TPM 2.0. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ṣe ṣáájú ọdún 2018 ni kò lè bá ìlànà yìí mu. Ẹni tí ó bá fi agbára gbé Windows 11 wọ irú wọn ń fi ìrépé tuntun lẹ ẹ̀wù àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù mìíràn wà tí ó bá ara arúgbó mu. Ní ọdún 1991, ọmọ yunifásítì kan ní Helsinki, Linus Torvalds, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Linux, ó sì fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ó ti inú rẹ̀ jáde ni Linux Mint, tí ó lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ jẹ́ 2 GB, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 4 GB ni ó dára jù. Ọ̀fẹ́ ni. LibreOffice tí ń bá a rìn, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń kọ lẹ́tà, ó ń ṣírò, ó ń ṣí ìwé tí a fi Word kọ. Ohun tí ó kù ni kí a kọ́ olùkọ́ ní bí a ṣe ń lò ó, kí a sì dán ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wò kí a tó yí gbogbo yàrá padà.

Ìgbà wo ni kí a sọ pé ó tó? Bí pátákó ńlá inú rẹ̀, tí ń jẹ́ motherboard, bá ti jó. Bí RAM rẹ̀ bá ti di ohun tí a kò rí rà mọ́. Tàbí bí iye owó àtúnṣe bá ti ju ìdajì iye tí a ó fi ra èyí tí ó sàn jù ú lọ. Ìlànà ìdajì yìí ni èmi fi ń gba àwọn ìjọ nímọ̀ràn. A kì í tún kọ̀ǹpútà ṣe nítorí pé ó jẹ́ ohun àtijọ́. Ní Èsìẹ́, nítòsí wa, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà láti ọdún 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, tí ń tọ́jú àwọn ère òkúta. A ń tọ́jú àwọn ère náà kí a lè máa wò wọ́n. Kọ̀ǹpútà wà kí ó lè ṣiṣẹ́. Èyí tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, kí a yọ RAM, fáànù àti wáyà rẹ̀ láti fi gba ẹgbẹ́ rẹ̀ là.

Tòkunbọ̀ àti ààtàn

Àwọn ará wa tí ń bẹ ní òkè òkun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ eléyìí. Ní ọdún 2005, Basel Action Network gbé ìwádìí kan jáde lórí Èkó. Nǹkan bí kọ̀ńténà 500 ẹrù kọ̀ǹpútà àti irú rẹ̀ ni ó ń wọlé lóṣooṣù nígbà náà, àwọn oníṣòwò ibẹ̀ sì sọ pé èyí tí kò ṣeé tún ṣe tàbí tà lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ààtàn ni wọ́n ń sun wọ́n sí. Ìjọba wa gbé òfin kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2011 lábẹ́ àjọ NESREA. Síbẹ̀, ìwádìí Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi hàn pé ní ọdún 2022, gbogbo ayé da mílíọ̀nù 62 tọ́ọ̀nù irú ẹrù yìí nù, ìdá 22 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni a sì kó jọ tí a tún lò bí ó ti tọ́. Òjé wà nínú gíláàsì ojú kọ̀ǹpútà onígò àtijọ́. Bí a bá fọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, àwọn ọmọ wa ni yóò máa ṣeré lórí rẹ̀.

Nítorí náà, kọ̀ǹpútà tí ẹnì kan kò lò mọ́ ní London tàbí Houston kì í ṣe ẹ̀bùn títí tí a ó fi tàn án kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. SSD 10 tí ó wọ inú àpò kan lè ṣe ilé ẹ̀kọ́ láǹfààní ju kọ̀ńténà òkú ẹrù lọ.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Èkínní, kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde yan ẹni mẹ́ta, pẹ̀lú olùkọ́ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n ṣí gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n kọ àìsàn ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Èkejì, kí a fi owó àkọ́kọ́ tún èyí tí ó ṣeé tún ṣe ṣe, kí a sì fi ìyókù ra tuntun. Ẹ̀kẹta, kí a pe àwọn ọmọ kíláàsì àgbà wá wo bí a ṣe ń ṣe é. Ọmọ tí ó bá ti tú kọ̀ǹpútà tí ó sì tò ó padà ti ní iṣẹ́ ọwọ́ tí ó lè fi jẹun. Ẹ̀kẹrin, kí àwọn òbí má ṣe sọ èyí tí ó dákẹ́ nílé nù kí wọ́n tó fi han onímọ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni a lè rí kọ́ nínú bí owó ṣe ń wọlé ní ìgbà ayé Jèhóáṣì tí àtúnṣe kò sì ṣẹlẹ̀?
2. Nínú ohun tí ẹgbẹ́ wa ti fi ta ilé ẹ̀kọ́ lọ́rẹ, mélòó ni ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí, ta sì ni ó ń tọ́jú rẹ̀?
3. Báwo ni a ṣe lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ìṣúnná owó àti ahun?

Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa, èyí tí ojú ń rí àti èyí tí ojú kò rí. Kí Ó jẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí ohun rere jogún lọ́wọ́ wa. Àmín.